Kí Ẹ Tó Fagi Lé E: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Fákítọ̀ àti Ìdá nínú Áljẹ́brà

Ìlú Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ni oríléeṣẹ́ NECO, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ní Nàìjíríà, wà. Oṣù kẹrin ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ náà sílẹ̀, ọdún 2000 ni ó sì kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà náà, ọmọ tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò ní Ṣàgámù tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ọmọ Yorùbá tí òbí rẹ̀ ń tajà ní Bosso tàbí ní Tunga nínú Minna gan-an, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn.

Nínú ìbéèrè ìṣirò yẹn, ìdá tó ní lẹ́tà x lókè àti nísàlẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Wọn á ní kí ẹ sọ ọ́ di kékeré bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á rí x lókè, wọ́n á rí x nísàlẹ̀, wọ́n á sì fagi lé méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́. Àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ni mo kọ ẹ̀kọ́ yìí fún, àtọmọ tó wà ní SS2, àtàgbà tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe ní oṣù kọkànlá. Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ: ohun tí ìsọdipúpọ̀ bá so mọ́ ìyókù nìkan ni a lè fagi lé, ohun tí àròpọ̀ tàbí ìyọkúrò bá so mọ́ ìyókù kò ṣeé fagi lé. Gbogbo iṣẹ́ fákítọ̀ tí a ó ṣe nísàlẹ̀ yìí, torí òfin yẹn ni.

Èdè Yorùbá kò kéré sí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nítorí náà, ẹ mú bírò àti ìwé, ká jọ ṣe é.

Nọ́ńbà lásán la ó fi bẹ̀rẹ̀

3 lọ́nà 4 jẹ́ 12. Nítorí náà, 3 àti 4 jẹ́ fákítọ̀ 12. 2 àti 6 náà jẹ́ fákítọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni 1 àti 12. Ẹni tó ń wá fákítọ̀ ń béèrè pé: kí ni a sọ di púpọ̀ tí èyí fi jáde?

Ẹ wo ìdá yìí:

12/18 = (6 × 2)/(6 × 3) = 2/3

6 wà lókè, 6 wà nísàlẹ̀, ìsọdipúpọ̀ ló sì so ó mọ́ ìyókù níbi méjèèjì. 6 tí a fi 6 pín jẹ́ 1, ohun tí a bá sì sọ di púpọ̀ lọ́nà 1 kì í yí padà. Ìdí tó fi tọ́ láti fagi lé e nìyẹn.

Ẹ wá wo èyí:

(6 + 2)/(6 + 3) = 8/9

Níbí, 6 wà lókè, ó sì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ló so ó mọ́ ìyókù. Tí ẹ bá fagi lé e, 2/3 ni ẹ ó rí, 2/3 kì í sì í ṣe 8/9. Nọ́ńbà kan náà, àmì ló yàtọ̀, èsì sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ wá fi x sí ibi tí 6 wà: (x + 2)/(x + 3). Kò sí ohun tí a lè fagi lé nínú rẹ̀. Bí x bá jẹ́ 6, 8/9 ni. Bí x bá jẹ́ 1, 3/4 ni. Kò jẹ́ 2/3 àfi bí x bá jẹ́ 0 nìkan. Lẹ́tà x kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀ ni, gbogbo òfin tó de nọ́ńbà ló dè é. Ẹ wá rí ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ yín báyìí: ìgbàkígbà tí iṣẹ́ kan bá rú yín lójú, ẹ fi nọ́ńbà kékeré kan rọ́pò x, kí ẹ ṣírò ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ àti ohun tí ẹ parí sí. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ níbì kan.

Fákítọ̀ tí gbogbo ẹ̀ka jọ ní

Pọ́línómíà ni à ń pe irú nǹkan bíi 6x² + 9x tàbí x² + 7x + 12: ẹ̀ka mélòó kan tí a rò pọ̀ tàbí tí a yọ kúrò lára ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé àròpọ̀ ló so ẹ̀ka wọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe wà yẹn, a kò lè fagi lé nǹkan kan nínú wọn. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di ìsọdipúpọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó máa wò, kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn, ni bóyá gbogbo ẹ̀ka jọ ní nǹkan kan. Nínú 6x² + 9x, 3 wọ 6, ó sì wọ 9. x kan wà nínú ẹ̀ka méjèèjì. Ohun tí wọ́n jọ ní ni 3x. A ó gbé e síta, a ó sì kọ ohun tó ṣẹ́ kù sínú àmì àkámọ́:

6x² + 9x = 3x(2x + 3)

Ẹ dán an wò. Bí x bá jẹ́ 2, apá òsì jẹ́ 24 + 18, èyí tí í ṣe 42. Apá ọ̀tún jẹ́ 6 × 7, òun náà jẹ́ 42. Ó tọ́.

Pọ́línómíà ẹlẹ́ka mẹ́ta

Al-Khwarizmi, onímọ̀ tó gbé ní Baghdad, tó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí áljẹ́brà ní nǹkan bí ọdún 820, kò lo x rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwòrán onígun mẹ́rin ló fi ń ṣàlàyé. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì wúlò fún wa. Ẹ ya yàrá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ x + 4, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ x + 3. Ẹ fa ìlà kan síbi tí x ti parí ní gígùn, ẹ fa òmíràn síbi tí x ti parí ní fífẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà pín sí mẹ́rin: ọ̀kan jẹ́ x², ọ̀kan jẹ́ 4x, ọ̀kan jẹ́ 3x, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 12. Ẹ rò wọ́n pọ̀:

(x + 4)(x + 3) = x² + 7x + 12

Ẹ wo ibi tí 7 ti wá: 4 àti 3 tí a rò pọ̀ ni. Ẹ wo ibi tí 12 ti wá: 4 àti 3 tí a sọ di púpọ̀ ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní x² + 7x + 12 tí wọ́n ní kí ẹ wá fákítọ̀ rẹ̀, ohun tí ẹ ń wá ni nọ́ńbà méjì tí wọ́n ń bí 12 nípa ìsọdipúpọ̀, tí wọ́n sì ń bí 7 nípa àròpọ̀. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ: 1 àti 12, àròpọ̀ wọn jẹ́ 13, 2 àti 6, àròpọ̀ wọn jẹ́ 8, 3 àti 4, àròpọ̀ wọn jẹ́ 7. Ó ti bọ́ sí i. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kì í ṣìnà, ẹni tó ń fi orí rò ó lásán ló máa ń ṣì í.

Bí àmì ìyọkúrò bá wọlé ńkọ́? Ẹ wo x² − x − 12. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ní àmì ìyọkúrò, èyí tó sọ fún wa pé àmì nọ́ńbà méjì tí a ń wá yàtọ̀ síra. Àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ −1. −4 àti 3 ló ṣe é:

x² − x − 12 = (x − 4)(x + 3)

Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn kò bá ní àmì ìyọkúrò, àmì nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba, àmì tó wà níwájú ẹ̀ka àárín ló sì ń sọ èyí tí wọ́n jẹ́.

Nígbà mìíràn, nọ́ńbà kan á wà níwájú x², bíi 2x² + 7x + 3. Ẹ sọ 2 di púpọ̀ lọ́nà 3, kí ẹ rí 6. Ẹ wá nọ́ńbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 7. 6 àti 1 ni. Ẹ fi wọ́n pín ẹ̀ka àárín sí méjì, kí ẹ wá máa mú ẹ̀ka ní méjì méjì:

2x² + 6x + x + 3 = 2x(x + 3) + 1(x + 3) = (x + 3)(2x + 1)

Ẹ má gbàgbé láti kọ 1 tó wà níwájú àkámọ́ kejì. Òun ló di ẹ̀yìn 2x + 1. Kí ẹ sì mọ̀ pé gbogbo pọ́línómíà kọ́ ló ń gba ọ̀nà yìí. Bí ẹ bá kọ gbogbo nọ́ńbà méjì-méjì sílẹ̀ fún x² + 5x + 3, kò sí odidi nọ́ńbà tó máa bá a mu. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ní ọ̀nà mìíràn fún irú ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òní.

Ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà méjì tí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀

Kí ni 19 lọ́nà 21? Ẹ má wá ẹ̀rọ ìṣirò. Bí àwọn baba wa ṣe ń kà á, 19 ni ogún tí a yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, 21 sì ni ogún tí a fi ọ̀kan lé. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ irinwó, ìyẹn 400. Ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan jẹ́ 1. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 400, ìdáhùn jẹ́ 399. Bẹ́ẹ̀ náà ni 18 lọ́nà 22 ṣe jẹ́ 400 − 4, tí í ṣe 396.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé 20 × 1 tí a fi kún un àti 20 × 1 tí a yọ kúrò pa ara wọn rẹ́. Bí a bá fi x sípò ogún, ó di òfin:

x² − 9 = (x − 3)(x + 3)

Ohun tí ẹ nílò ni pé kí ẹ̀ka méjèèjì jẹ́ nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí àmì àárín wọn sì jẹ́ ìyọkúrò. Bí ó bá jẹ́ x² + 9, ọ̀nà yìí kò kàn án.

Ìdá: ibi tí iṣẹ́ wa ti ń so èso

Ẹ wo ìbéèrè yìí:

(x² − 9)/(x² + 7x + 12)

Ọwọ́ á fẹ́ yá láti fagi lé x². Ẹ dúró. Ìsọdipúpọ̀ ni tàbí àròpọ̀? Àròpọ̀ àti ìyọkúrò ni. Ẹ kọ́kọ́ wá fákítọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀:

(x − 3)(x + 3) / ((x + 4)(x + 3))

Nísinsìnyí, ìsọdipúpọ̀ ló so (x + 3) mọ́ ìyókù lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fagi lé e. Ìdáhùn jẹ́ (x − 3)/(x + 4). Ẹ dán an wò pẹ̀lú x = 1: ìdá àkọ́kọ́ jẹ́ −8/20, èyí tí í ṣe −2/5; ìdáhùn wa náà jẹ́ −2/5. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má tún fagi lé x tó kù, nítorí ìyọkúrò àti àròpọ̀ ló so ó.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn: fún iye x wo ni ìdá yìí kò ní ìtumọ̀? A kò lè fi òdo pín nǹkan. Nítorí náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìdá tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì wá ohun tó ń sọ ọ́ di òdo. (x + 4)(x + 3) di òdo bí x bá jẹ́ −4 tàbí −3. Méjèèjì ni ìdáhùn. Pé a ti fagi lé (x + 3) kò sọ pé −3 ti di ẹni ìtẹ́wọ́gbà, torí ìdá tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò gbà á.

Nínú pínpín, ìdá kejì ni a ń dojú rẹ̀ dé, kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà a ó sọ di púpọ̀:

(x² − 4)/(x² + 5x + 6) ÷ (x − 2)/(x + 5)
= (x − 2)(x + 2)/((x + 2)(x + 3)) × (x + 5)/(x − 2)
= (x + 5)/(x + 3)

Àròpọ̀ àti ìyọkúrò ìdá

Èyí ló ń fẹ́ sùúrù jù. Bí a kò ṣe lè ro 1/2 àti 1/3 pọ̀ títí ìsàlẹ̀ wọn á fi jọra, bẹ́ẹ̀ náà ni ti áljẹ́brà. Fákítọ̀ ló ń fi L.C.M. hàn wá, ìyẹn ohun tó kéré jù lọ tí ìsàlẹ̀ méjèèjì lè pín láìṣẹ́kù. Fún àpẹẹrẹ:

2/(x + 3) + 3/(x² − 9)

Ẹni tí kò bá wá fákítọ̀ á sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di púpọ̀, iṣẹ́ á sì gùn láìnídìí. Ṣùgbọ́n x² − 9 jẹ́ (x − 3)(x + 3), ó ti ní x + 3 nínú tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni L.C.M. Ìdá àkọ́kọ́ nìkan ni kò ní (x − 3), ẹ fún un lókè àti nísàlẹ̀:

(2(x − 3) + 3)/(x² − 9) = (2x − 3)/(x² − 9)

Nínú ìyọkúrò, ẹ ṣọ́ àmì. Ẹ wo 3/(x − 2) − 2/(x + 1). Òkè rẹ̀ di 3(x + 1) − 2(x − 2). Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 2 kan gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́: −2 lọ́nà −2 jẹ́ +4. Nítorí náà, òkè jẹ́ 3x + 3 − 2x + 4, tí í ṣe x + 7. Ìdáhùn jẹ́ (x + 7)/((x − 2)(x + 1)). Ẹni tó bá kọ −4 á rí x − 1. Ẹ fi x = 3 dán an wò: ìbéèrè jẹ́ 3 − 1/2, ìyẹn 2.5. (x + 7) fún wa ní 10/4, tí í ṣe 2.5. (x − 1) fún wa ní 2/4. Irọ́ ti hàn.

Níbi tí fákítọ̀ àti ìdá ti pàdé

Ká ní awakọ̀ kan gbéra ní Minna lọ sí ìlú tó jìnnà ní kìlómítà 120. Nígbà tó ń lọ, kìlómítà x ló ń sá ní wákàtí kan. Nígbà tó ń bọ̀, ọ̀nà dá, ó sì fi 20 kún eré rẹ̀. Wákàtí 5 ni àlọ àti àbọ̀. Eré wo ló sá lọ?

Ìrìn tí a bá fi eré pín ló ń fún wa ní wákàtí. Nítorí náà:

120/x + 120/(x + 20) = 5

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà x(x + 20), kí ìdá lè kúrò:

120(x + 20) + 120x = 5x(x + 20)

Ẹ tú àkámọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, ẹ sì fi 5 pín in: x² − 28x − 480 = 0. Nọ́ńbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ −480, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ −28, ni −40 àti 12:

(x − 40)(x + 12) = 0

Bí ohun méjì tí a sọ di púpọ̀ bá jẹ́ òdo, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. x jẹ́ 40 tàbí −12. Mọ́tò kì í sá eré −12, nítorí náà 40 ni. Wákàtí 3 ló fi lọ, 2 ló fi bọ̀. Ó pé 5.

Ẹ ó tún bá iṣẹ́ yìí pàdé níwájú. Ọmọ tó bá wọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Minna, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, á rí i pé nínú kálíkúlọ́ọ̀sì, wọ́n á ní kó tú ìdá ńlá kan sí kéékèèké. Fákítọ̀ ìsàlẹ̀ ìdá náà ni wọ́n á kọ́kọ́ bi í. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n níbí, ibẹ̀ ni yóò ti dá a dúró.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ẹ wá fákítọ̀ 8x² − 12x.
2. Ẹ wá fákítọ̀ x² + 9x + 20.
3. Ẹ wá fákítọ̀ 3x² − 10x − 8.
4. Ẹ sọ (x² − 25)/(x² + 2x − 15) di kékeré.
5. Ẹ ṣírò 4/(x − 1) − 1/(x + 2).

Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó wo ìdáhùn wọ̀nyí: (1) 4x(2x − 3), (2) (x + 4)(x + 5), (3) (x − 4)(3x + 2), (4) (x − 5)/(x − 3), (5) 3(x + 3)/((x − 1)(x + 2)).

Bí ìdáhùn yín bá yàtọ̀, ẹ má ya ìwé náà, ẹ má sì da ìdáhùn mi kọ. Ẹ padà sí ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ, kí ẹ fi 2 sípò x, kí ẹ ṣírò iye rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà kejì, àti ìkẹta. Ìlà tí iye náà bá ti kọ́kọ́ yí padà ni àṣìṣe ti wọlé. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ láti ibẹ̀.